Aṣọ Náà Ṣáájú Mi Dé

Mo fi eyín di píìnì mẹ́ta mú bí aránṣọ, mo dúró níwájú dígí, aṣọ náà sì ń yọ̀ lórí mi bí ẹni pé wọ́n fi ọṣẹ rá a. Ṣífọ́ọ̀nù ni. Ẹni tó bá ti wé ṣífọ́ọ̀nù rí láìdé fìlà pélébé sábẹ́ rẹ̀ á mọ ohun tí ojú mi rí. Bí mo bá fà á síwájú, á sún sẹ́yìn. Bí mo bá de apá ọ̀tún, apá òsì á tú. Nígbà tó yá, mo gún ara mi lábẹ́ àgbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ sì kán sórí aṣọ funfun náà, kékeré báyìí, bí àmì ìdánudúró. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìṣẹ́jú 45 ni mo lò nídìí ohun tí mi ò lò tó ìṣẹ́jú méjì fún mọ́ báyìí.

Ọmọ ọdún 23 ni mí nígbà tí mo gba Ìsìláàmù, lóṣù Karùn-ún ọdún 2022. Ó di oṣù Kẹsàn-án kí n tó gbé híjáàbù sórí jáde nílé. Láti ọjọ́ yẹn ni aṣọ orí mi ti ń ṣáájú mi dé gbogbo ibi tí mò ń lọ. Kí n tó la ẹnu, ó ti sọ̀rọ̀. Kí n tó mọ nǹkan, wọ́n ti gbà pé mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí jù ni bóyá ooru rẹ̀ kì í pa mí. Ó ń pa mí, àmọ́ ooru kọ́ ni wàhálà rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èmi ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, aṣọ mi sì ti jẹ oyè àáfà.

Ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n bí mi sí, mi ò sì sá kúrò níbẹ̀ nítorí pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ mí. Mo mọ irú ìtàn tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn: ẹni tó lá àlá, tàbí ẹni tó gbọ́ ìpè ìrun tí omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ni mo kà wọlé. Ọ̀rẹ́ mi kan nílé ìwé máa ń dìde lójijì kúrò nídìí iṣẹ́ tí a jọ ń ṣe, á lọ kírun, á padà wá bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun dáadáa. Mo ní kó fún mi ní ìtumọ̀ Àlùkùránì kí n lè rí nǹkan fi bá a jiyàn. Mi ò ní parọ́, ìjà ni mo bá lọ. Mo ti to ìbéèrè mi sínú ìwé kékeré kan, ó kún ojú ewé mẹ́rin.

Orí ìwé kan, Súrà tó ń jẹ́ Mọ́ríyámọ̀, ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Mo rò pé bí àlejò ni wọ́n á ṣe dárúkọ ìyá Jésù níbẹ̀, kí wọ́n sì kọjá. Ìdí igi déètì ni mo ti bá a, òun nìkan, tí ìrọbí ti mú un dé ibẹ̀, tó sì ń sọ pé ó ìbá sàn kí òun ti kú ṣáájú èyí, kí wọ́n ti gbàgbé òun pátápátá. Mo pa ìwé náà dé. Mo ṣí i padà lọ́jọ́ kejì. Ó lé ní ọdún kan tí mo fi ń pa á dé tí mo sì ń ṣí i. Ìwé kékeré onìbéèrè yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ìbéèrè mìíràn nínú rẹ̀, mi ò tíì rí ìdáhùn wọn di bí mo ti ń kọ èyí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí ẹnu ọ̀nà náà ṣe kéré tó. Gbólóhùn kan péré ni: mo jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Allah, mo sì jẹ́rìí pé ìránṣẹ́ Rẹ̀ ni Ànọ́bì Muhammad. Kò sí ìrìbọmi. Kò pọn dandan kí àáfà kan gbé ọwọ́ lé ọ lórí. Wọ́n tilẹ̀ ní mi ò ní láti pààrọ̀ orúkọ mi, pé orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò dára ni Ànọ́bì máa ń pààrọ̀ fún àwọn tó bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo sọ gbólóhùn náà ní pálọ̀ àwọn òbí ọ̀rẹ́ mi, lójú òun àti ìyá rẹ̀. Ahọ́n mi kọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ìyá rẹ̀ dì mọ́ mi, ó ní kí n lọ wẹ̀, kí n rí i pé omi kan gbogbo ara mi dé gbòǹgbò irun. Mo wẹ̀. Mo padà sílé, mo sì fọ àwọn abọ́ tí mo fi sílẹ̀ láàárọ̀. Abọ́ kò mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti wá bẹ̀rẹ̀. Ìrun 5 lójúmọ́, ráka 17 lápapọ̀, ìyẹn ìpele ìdúró àti ìforíkanlẹ̀ inú ìrun, Fátíhà kan nínú ráka kọ̀ọ̀kan. Fátíhà, Súrà àkọ́kọ́ nínú Àlùkùránì, kò ju ẹsẹ 7 lọ, àmọ́ fún ẹni tí kò gbọ́ Lárúbáwá rí, òkè ńlá ni. Mo fi ábídí tí mo mọ̀ kọ ọ́ sínú bébà, mo tẹ́ bébà náà sílẹ̀ níbi tí iwájú orí mi máa kàn, mo wá ń kà á nídùúró bí ẹni tí owó rẹ̀ já bọ́. Bí mo bá forí kanlẹ̀ tí mo sì gbé e sókè, bébà á lẹ̀ mọ́ mi níwájú orí. Lẹ́tà kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní “ain”, ìsàlẹ̀ ọ̀fun ló ti ń jáde. Nínú ilé ìwẹ̀ ni mo ti ń bá a jà, tí àwọn ará ilé á máa béèrè bóyá ikọ́ ń ṣe mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo ṣì máa ń fi rẹ́rìn-ín. Fún oṣù méjì àkọ́kọ́, mo ń kírun nígbà tí mo bá ń ṣe nǹkan oṣù. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọn kì í kí i. Gbogbo wọn ló bá mi sọ̀rọ̀ nípa ọ̀run, nípa jíjẹ́ ọ̀kan ṣoṣo Ọlọ́run, nípa ọjọ́ ìṣirò. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún ọmọbìnrin pé ìrun kò sí fún un láwọn ọjọ́ yẹn, pé kò tilẹ̀ ní san án padà, ààwẹ̀ Rámádáànì nìkan ló máa gbà padà tó bá yá. Inú á máa run mí, màá dìde ní Àsùbá bí ọmọ ogun. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́, mo pe ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù, mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i dáadáa, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òun rò pé gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n.

Nílé, kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá, màá fa aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì bo ara mi láti orí dé ẹsẹ̀, màá kírun ní ohùn tí etí mi nìkan ń gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, màá ní mò ń pààrọ̀ aṣọ. Mi ò lè ṣàlàyé bí ìgbà yẹn ṣe dùn tó. Ohun tó wà láàárín èmi àti Ọlọ́run, àwa nìkan la mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó ń yìn mí, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ mi. Bí mo bá ṣi Fátíhà kà, mo ṣì í kà ni, ó parí síbẹ̀.

Kí ló wá dé tí mo fi gbé aṣọ náà sórí jáde? Ó máa ń dà bíi pé àwọn ènìyàn ń retí kí n sọ pé ìmọ́lẹ̀ kan tàn. Ọ̀rọ̀ báàgì ni. Mo máa ń ká ìbòrí tí mo fi ń kírun níbi iṣẹ́ sínú ọ̀rá, màá tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì, sábẹ́ gbogbo ẹrù. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń wá bírò, mo ní kó wò ó nínú báàgì mi. Ó fa ọ̀rá yẹn jáde. “Kí lèyí?” Ẹnu mi ti dáhùn kí n tó mọ̀: “Aṣọ ìnulẹ̀ ni.” Ó dá a padà, ó rí bírò rẹ̀, ó lọ. Mo jókòó síbẹ̀ tí mi ò lè ṣe nǹkan kan mọ́. Aṣọ tí mo fi ń dúró níwájú Ọlọ́run, mo pè é ní aṣọ ìnulẹ̀ nítorí kí ẹnì kan má baà béèrè ìbéèrè kejì.

Kí n tó wé e, mo fẹ́ mọ ohun tí mò ń wé. Mo padà sínú ìwé náà. “Híjáàbù” tí gbogbo wa ń pè, ìgbà 7 ni ọ̀rọ̀ náà jáde nínú Àlùkùránì, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ aṣọ orí. Gàgá ni. Ohun tó bá pín nǹkan méjì níyà. Mọ́ríyámọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, gàgá ló fi ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, híjáàbù sì ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò. Ibi tí ọ̀rọ̀ aṣọ orí ti wáyé ni Súrà kẹrìnlélógún, ẹsẹ 31, orúkọ tí ó pè é sì ni khimar, ìyẹn ìbòrí tí àwọn obìnrin ìgbà náà ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ náà ní kí wọ́n fà á bo àyà, níbi tí ọrùn ẹ̀wù ti là. Ẹsẹ mìíràn wà nínú Súrà kẹtàlélọ́gbọ̀n, ẹsẹ 59, èyí tó sọ nípa aṣọ ńlá tí wọ́n ń fi bora bí wọ́n bá ń jáde. Àwọn onímọ̀ láti inú májẹ́húbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn ọ̀nà mẹ́rin tí wọ́n ń gbà túmọ̀ òfin Ìsìláàmù, fẹnu kò pé kí obìnrin bo irun. Ojú ni wọ́n ti ń bá ara wọn jiyàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́hàá ti wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹsẹ 30, èyí tó ṣáájú ti àwọn obìnrin. Ọkùnrin ló ń bá wí: kí wọ́n rẹ ojú wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì ṣọ́ abẹ́ wọn. Àwọn ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ kàn. Mo ti gbọ́ wáàsí lórí híjáàbù tí mi ò lè kà tán, mi ò sì tíì gbọ́ ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 30.

Ohun tó mú mi lọ́kàn jù ni àkókò. Nǹkan bí ọdún 610 ni Àlùkùránì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ ní Mẹ́kà. Ọdún 622 ni Ànọ́bì ṣí lọ sí Mẹ̀dínà, Mẹ̀dínà yìí sì ni àwọn ẹsẹ aṣọ wọ̀nyí ti sọ̀kalẹ̀. Ó ju ọdún 12 lọ. Khadijah, ẹni àkọ́kọ́ tó gba Ànọ́bì gbọ́, ti kú ní Mẹ́kà ní 619 kí ẹsẹ náà tó dé. Sumayyah, tí ìtàn kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n pa nítorí Ìsìláàmù, obìnrin ni, ó ti kú ṣáájú rẹ̀. Aisha, ìyàwó Ànọ́bì, sì sọ ọ́ kedere nínú hádíìsì kan, ìyẹn ìròyìn nípa ìgbà ayé Ànọ́bì, tí onímọ̀ tó ń jẹ́ Bukhari gbà wá: ọ̀rọ̀ ọgbà ìdẹ̀ra àti iná ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, ìgbà tí ọkàn àwọn ènìyàn ti balẹ̀ sínú ẹ̀sìn ni èèwọ̀ àti ẹ̀tọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ní ká ní ohun tó kọ́kọ́ sọ fún wọn ni kí wọ́n má mu ọtí, wọ́n ì bá ní àwọn ò ní fi ọtí sílẹ̀ láéláé.

Mi ò sọ èyí kí n lè fi sá fún aṣọ. Aisha kan náà ló sọ bí àwọn obìnrin yẹn ṣe ṣe nígbà tí ẹsẹ náà dé: wọ́n fa ìró ìdí wọn ya létí, wọ́n sì fi bo orí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èmi gbà pé dandan ni. Mo kàn máa ń ronú sí àwọn ọdún 12 yẹn ni. Àwọn tí aṣọ kọ́kọ́ kàn ti jẹ ìyà, wọ́n ti sá kúrò nílé, wọ́n ti sin òkú, kí ó tó kàn wọ́n. Wọ́n mọ Ẹni tí wọ́n ń ya ìró wọn fún. Èmi, oṣù mẹ́rin ni mo ní, pẹ̀lú bébà kan tó ń lẹ̀ mọ́ mi níwájú orí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ni mo wé e lọ síbi iṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà. Ẹni tó kọ́kọ́ rí mi, Àǹtí kan tó jù mí lọ dáadáa, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀: “Ṣé kò sí o? Ṣé irun orí ẹ ń já ni?” Mo ní rárá o, Àǹtí, mo ti di Mùsùlùmí ni. Ó wò mí, ó wo aṣọ náà, ó tún wò mí. “Áà. Mo ti rò pé àìsàn ni,” ó ní, ara rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀. Kò burú. Tiẹ̀ ni ìbéèrè tó dáa jù tí mo gbọ́ lọ́sẹ̀ yẹn.

Ọjọ́ kọkànlá sí ọjọ́ yẹn ni Mahsa Amini kú ní Tehran, olú ìlú Ìráànì, ọmọ ọdún 22, lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ híjáàbù mú un pé kò wé tirẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọdún kan péré ni mo fi jù ú lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, gbogbo fóònù ló kún fún fídíò àwọn ọmọbìnrin Ìráànì tí wọ́n ń jó ìbòrí wọn ní gbangba. Èmi sì nìyí, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń de tèmi. Ní àsìkò ìsinmi ọ̀sán, wọ́n yí mi ká. “Kí lo rí sí i?” “Ẹ̀yin Mùsùlùmí, kí ló dé tí ẹ fi ń ṣe báyìí?” Ẹ̀yin! Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀.

Ìtìjú ìdáhùn tí mo fọ̀ lọ́jọ́ náà ṣì wà lára mi. Mo ní, “Ẹ̀sìn àlàáfíà ni Ìsìláàmù.” Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ ọ́, bí ẹ̀rọ tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Ọmọbìnrin kan kú, mo sì dáhùn bí ẹni tó ń dáàbò bo ọjà rẹ̀. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó lè sọ fún ara mi ohun tí mo rò ní tòótọ́: pé ìwà ìkà ni, pé ẹsẹ 256 nínú Súrà kejì ní kò sí ìfipámúni nínú ẹ̀sìn, àti pé aṣọ tí ọlọ́pàá fi kóńdó dè mọ́ obìnrin lórí kì í ṣe ohun tí èmi dúró síwájú dígí fún ìṣẹ́jú 45 nítorí rẹ̀. Láti 2004 ni òfin Faransé ti ní kí àwọn ọmọbìnrin máa bọ́ tiwọn kí wọ́n tó wọ iléèwé ìjọba. Èyí náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo padà lọ bá Àǹtí yẹn, mo ní ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí, mi ò rò ó kí n tó sọ ọ́. Mo ní mi ò mọ púpọ̀, oṣù mẹ́rin péré ni mo dé ibẹ̀. Ẹnu yà á. “Oṣù mẹ́rin? Pẹ̀lú bí o ṣe wé e yìí, mo rò pé o ti mọ gbogbo ẹ̀ ni.”

Ó sọ ọ́ tán níbẹ̀.

Ká tiẹ̀ fi àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí sílẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ní mọ́sálásí, ẹnì kan ti irun mi wọlé níwájú orí. Òmíràn fa ọwọ́ ẹ̀wù mi sísàlẹ̀. Ẹnì kẹta ní ẹsẹ̀ mi hàn, ẹnì kẹrin sì dá a lóhùn pé ẹsẹ̀ kò ba ìrun jẹ́, ni àwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò lé ẹsẹ̀ mi lórí bí ẹni pé mi ò sí lókè rẹ̀. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Àmọ́ ìfẹ́ náà máa ń rin ni lára. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló kàn na ọwọ́ sí mi, ó ní, “Ọmọ mi, wá kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí.” Kò wo irun mi, kò wo ẹsẹ̀ mi.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo wé híjáàbù tí ọkùnrin mẹ́ta ti ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ fẹ́ mi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mẹ́ta. Mi ò mọ ẹnì kankan nínú wọn. Ọ̀kan ní òun fẹ́ràn “ẹ̀mí tuntun” tó wà lára mi. Lódìkejì ẹ̀wẹ̀, àwọn ẹbí mi dájú pé ọkùnrin kan ti wà nídìí ọ̀rọ̀ náà tipẹ́. Àbúrò ìyá mi wá sílé nítorí ẹ̀.

“Ta ni ọkùnrin náà?”

“Kò sí ọkùnrin kankan, Àǹtí.”

“Kí ló wá dé?”

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé pé Àlùkùránì fúnra rẹ̀, Súrà karùn-ún ẹsẹ 5, gba ọkùnrin Mùsùlùmí láyè láti fẹ́ onígbàgbọ́, pé bó bá ṣe nítorí ọkùnrin ni, mi ò tilẹ̀ ní láti gbéra. Kò gbọ́. Pé obìnrin lè jókòó, kó kàwé, kó sì gbé ọ̀nà mìíràn gbà nítorí ohun tó kà, àlàyé yẹn ni kò wọ̀ wọ́n létí rárá. Ó bí mi nínú ju gbogbo ìyókù lọ.

Mo ti bọ́ ọ rí lẹ́ẹ̀kan. Ibòmíràn pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mo ro ohun tí wọ́n á rò, mo sì tú u nínú takisí kí a tó dé ẹnu géètì wọn. Awakọ̀ ń wò mí nínú dígí rẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́ mi létí, ó ṣàjèjì sí mi bí ẹni pé etí ẹlòmíràn ni. Wọn ò gbà mí síṣẹ́ náà. Mo wé e padà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, mo lọ kí Àlàásárì níbi tí mo rí.

Ibtihaj Muhammad, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba idẹ nínú eré idà ní Òlíńpíìkì Rio ní 2016 pẹ̀lú híjáàbù lórí, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí eré náà fún un. Wọ́n ń wá eré tí ọmọ wọn lè ṣe kó sì bora, ìyá rí àwọn ọmọ tó ń fi idà ṣeré pẹ̀lú aṣọ gígùn àti ìbòjú, ó ní èyí ni. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn nítorí ìyá ibẹ̀.

Ìyá tèmi, aṣọ ló sọ fún un. Mo ti pinnu láti bá a sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mi ò rí ẹnu sọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, ó pàdé mi ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, pẹ̀lú ṣífọ́ọ̀nù funfun àti ẹ̀jẹ̀ bíńtín lábẹ́ àgbọ̀n. Ó dúró. Mo ní, “Ẹ káàárọ̀, mà.” Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ó ní, “Kí ni mo fi dù ẹ́?”

Mo ní kò sí o, Màámi. Ó kọjá lára mi.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wa kò ju “fóònù rẹ ń dún” àti “ti ilẹ̀kùn” lọ. Mo ń ka Súrà Lukman nígbà náà, ibi tó ti sọ pé bí òbí bá ní kí o bá Ọlọ́run wá orogún, má gbọ́, síbẹ̀ kí o bá wọn gbé pẹ̀lú dáadáa. Mo tún rí ti Asma, ọmọ Abu Bakr tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Ànọ́bì. Ìyá rẹ̀ tí kì í ṣe Mùsùlùmí wá kí i, ó lọ bi Ànọ́bì bóyá kí òun ṣe dáadáa sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ní, bá ìyá rẹ da nǹkan pọ̀. Ó rọrùn láti kà. Bí ìyá kò bá fẹ́ dá ọ lóhùn ńkọ́?

Mágínẹ́ẹ̀tì ló yanjú rẹ̀, tàbí kí n sọ pé òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Píìnì ti lu aṣọ mi di ajere, ni mo bá ra irú èyí tó jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì méjì-méjì: ọ̀kan á wà lókè aṣọ, ìkejì á wà lábẹ́, wọ́n á fi agbára wọn di aṣọ mú láàárín. Kò tóbi ju bọ́tìnnì lọ, ó sì lẹ́mìí sísọnù bí nǹkan mìíràn. Ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ṣíbí nínú abọ́ ìfọwọ́. Ọ̀kan wà lára irin ilẹ̀kùn fún ọjọ́ mẹ́rin tí mi ò mọ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi mú èyí tó bá lára ìkòkò wá sí yàrá mi. “Kí lèyí?”

“Ti híjáàbù ni, mà.”

Ó fi wé irin bẹ́ẹ̀dì mi, ó fò mọ́ ọn. Ó yọ ọ́, ó tún fi wé e.

“Ó lágbára o,” ó ní, ó sì lọ.

Láti ìgbà yẹn, èyí tó bá rí, ojú fíríìjì ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, nígun òkè lápá ọ̀tún. Ó ń tò ó ní àwọ̀-àwọ̀, ìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì. Kò tíì bá mi jíròrò ẹ̀sìn náà títí di òní. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ìhà kejì ògiri nígbà tó bá jí gbàdúrà láàárọ̀ kùtùkùtù, ó ń dárúkọ mi sí Ọlọ́run pé kó mú mi padà. Èmi náà wà lórí ẹní, Àsùbá ni, mò ń dárúkọ rẹ̀. Nígbà mìíràn a máa ń parí pọ̀, ilé á wá dákẹ́.

Láàárọ̀ òní, márùn-ún ló wà lójú fíríìjì: dúdú méjì, búlúù méjì, àti aláwọ̀ wúrà kan. Mo bi í bóyá ó rí ìkejì aláwọ̀ wúrà. Ó ní òun ti gbé àga, òun ti wo abẹ́ sítóòfù, kò sí níbẹ̀.